Ijó Tí À Ń Bomi Rin

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó jókòó, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ jẹun yó, kí ẹ má baà máa bá mi jiyàn kí ebi náà tún máa bá mi jà. Ní abúlé wa yìí, láàárín Kpoulou àti Ikpinlè, ìgbà kan wà tí àwọn ọmọbìnrin máa ń ru garawa omi lọ sóde ijó. Ẹnikẹ́ni ò ní mu omi náà, ẹnikẹ́ni ò sì ní fi wẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Èyí tí kò bá ru omi wá, ẹ̀yìn ọgbà ni yóò ti máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ìwọ tí o di fóònù pọ́táàbù rẹ mú bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ bá ọkọ mìíràn, gbé e sílẹ̀ díẹ̀.

Àgbàlá lékólù, ilé ìwé wa, ni a ti ń jó, lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí àwọn ará Àgùdà bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sì ti jẹun. Ilẹ̀ pupa ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Tí ọyẹ́ bá dé, tí ẹsẹ̀ pọ̀ lórí rẹ̀, eruku á dìde dé ọrùn, o ò sì ní mọ ẹni tí o dì mú mọ́. Mo mọ ọkùnrin kan tí ó fi odidi orin kan sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí ẹnì kan létí, nígbà tí eruku rọlẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni. Ó ṣì wà láàyè, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí bàbá kan tí ó dìde nídìí ìkòkò ẹ̀mu rẹ̀ nígbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, òun ni.

Nítorí náà ni a ṣe ń fi omi wọ́n ilẹ̀. Àwọn obìnrin á mú omi wá, àwọn ọkùnrin á mú bẹntiróòlù wá nínú ìgò, fún ẹ̀rọ amúnáwá tí à ń pè ní gúrúpù. Bí a ṣe ń wọlé nìyẹn. Àwọn obìnrin á to ara wọn sórí ìlà kan láti ìdí igi máńgòrò dé ìdí ògiri, wọ́n á máa da omi lọ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ á máa mí òórùn tútù yẹn jáde, òórùn òjò àkọ́rọ̀. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn òjò lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ìbàdí mi á fẹ́ dìde kí èmi fúnra mi tó dìde.

Ọmọ Erùpẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ wa. Àwa márùn-ún ni. Símẹ́ọ̀nù, tí ó jẹ́ olórí wa, ni ó ń ta gìtá. Èmi ni mo ń kọrin, mo sì ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, mi ò sì burú rárá, ẹ bi àwọn ìyá yín. Ẹ má bi àwọn bàbá yín, ìlara ò ní jẹ́ kí wọ́n sọ òótọ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọ fún gbogbo ìgbèríko pé ijó ti dé ni gúrúpù yẹn. A gbé e sí ẹ̀yìn kíláàsì, á kọ́kọ́ wúkọ́, á dákẹ́ bí ẹni tí ó ń rántí nǹkan, á tún wúkọ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn tí ó wà lóko ẹ̀gẹ́ títí dé ọ̀nà Tatonnonkon á gbọ́, wọ́n á so ọkọ́ kọ́. Símẹ́ọ̀nù á wá fi ìka kan kan okùn gìtá, láti orí igi máńgòrò tí a so ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́, ohùn náà á bọ́ sórí wa bí èso.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọ̀sán. Bàbá Katikísì ni, ẹni tí ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní ìjọ Àgùdà. Ó ní a lè jó, ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run lè máa rí wa dáadáa. Tí orin pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bá dé, tí ọkùnrin àti obìnrin dì mọ́ra wọn, bàbá yìí á mú igi àgbàdo kan, á máa rìn láàárín wa, á máa fi í sí àlàfo tó wà láàárín ẹni méjì. Tí igi àgbàdo náà bá kọjá, ẹ máa jó lọ. Tí kò bá kọjá, ẹ jáde. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wá ń wá a lọ sóko lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti bá a ṣa igi àgbàdo tí ó tín-ínrín jù lọ. Inú rẹ̀ á dùn, á ní àwọn ọmọ ìjọ òun mà lawọ́ o.

Ọdún kan wà tí kànga lékólù gbẹ. Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ò lè ní kí wọ́n máà jó ní Ajé Àjíǹde, ogun ni yóò dá sílẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin sì ń fún ẹ̀gẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, gaàrí ni wọ́n ń ṣe fún ọjà. Ọ̀kan nínú wọn wo omi funfun tó ń ro kúrò nínú àpò ẹ̀gẹ́, ó ní omi kúkú ni omi. Wọ́n gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán Ajé, wọ́n fi omi ẹ̀gẹ́ wọ́n gbogbo àgbàlá.

Ilẹ̀ tutù dáadáa. Eruku ò sọ̀rọ̀. A kọ orin àkọ́kọ́, a kọ ìkejì. Nígbà tí oòrùn wá mú ilẹ̀, òórùn kíkan dìde. Eṣinṣin tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn eṣinṣin ni ewúrẹ́ dé, ewúrẹ́ ilé gbogbo, wọ́n gba àárín àwọn oníjó wọlé, wọ́n ń lá ilẹ̀. Èmi ò dá orin dúró, ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Bàbá Katikísì gbé igi àgbàdo rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní òun dúpẹ́, iṣẹ́ òun ti rí olùrànlọ́wọ́. Àfi ìgbà tí obìnrin kan pariwo pé omi ẹ̀gẹ́ ń pa ewúrẹ́. Ijó tú. Gbogbo wa, pẹ̀lú aṣọ Àjíǹde lọ́rùn, bẹ̀rẹ̀ sí í lé ewúrẹ́ kiri inú kíláàsì, à ń la ẹnu wọn, à ń da epo pupa sí wọn lọ́fun kí májèlé náà lè rọ̀. Ìkankan ò kú. Ẹ̀wù funfun mi ló kú.

Ìgbádùn ni ó jẹ́ fún wa. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ pé ohun gbogbo dáa nígbà náà, ẹsẹ̀ mi kún fún jìgá, a sì ń fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn lórí ẹní. Ṣùgbọ́n ijó ní tirẹ̀, a ní in.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i pé ènìyàn lè fi ijó jẹun ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ó ra ilẹ̀ sí etí títì, ó mọ ògiri yí i ká, ó da símẹ́ǹtì sílẹ̀, ó so gílóòbù aláwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé kọ́, ó pè é ní bárì. Níbi tí símẹ́ǹtì bá wà, eruku ò sí. Níbi tí eruku ò sí, ta ló ń fẹ́ garawa omi? Àwọn obìnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń ta bíà, wọ́n ń ta ẹran díndín, àwọn ẹgbẹ́ olórin ń ti Àjàṣẹ́ wá, wọ́n ń ti Kùtọ̀nú wá pẹ̀lú aṣọ tó ń dán bí ẹja. Àwa náà ń gba owó níbẹ̀. Ẹ má wò mí bí ẹni mímọ́. Kẹ̀kẹ́ tí mo fi kọ́kọ́ gbé ìyàwó mi lọ sọ́jà, símẹ́ǹtì yẹn ló rà á.

Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé. Kásẹ́ẹ̀tì kì í jẹun, kì í mu ọtí, kì í bínú, àwa márùn-ún sì ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn, ó rí i pé kásẹ́ẹ̀tì sàn jù wá lọ. Àwọn ẹ̀rọ ńlá ńlá tẹ̀ lé e, wọ́n ń mi àyà ènìyàn bí ẹni ń lù ú, orin kan náà láti Pobè dé Kétu, tí o bá gbọ́ ọ níhìn-ín o ti gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Nígbà tí pọ́táàbù wá dé, kálukú gbé ijó tirẹ̀ sí etí. Mo rí tọkọtaya kan nínú bárì yẹn, orin ọ̀tọ̀ ní etí ọkọ, orin ọ̀tọ̀ ní etí ìyàwó, wọ́n sì ń jó fún ara wọn. Ọjọ́ tí a ṣeré gbẹ̀yìn níbẹ̀, àwọn tí ń ta ẹran pọ̀ ju àwọn tí ń jó lọ. Ẹnikẹ́ni ò sìnkú Ọmọ Erùpẹ̀. Símẹ́ọ̀nù ń tún fíríìjì ṣe ní Kùtọ̀nú. Adìyẹ ìyàwó mi ń sàba nínú àpótí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa, àkùkọ tó bá sì jáde láti ibẹ̀ kì í mọ àsìkò tí ó yẹ kí ó kọ.

Bárì náà ṣófo báyìí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀rọ á máa ké, gílóòbù á máa ṣẹ́jú, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi á jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo títì.

Ọkùnrin yìí kan náà ni olórí abúlé wa lónìí. Dẹ́légè ni gbogbo wa ń pè é. Ní Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún yìí, mo ń wo ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, èmi olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní Mẹ́tìrì, nígbà tí ó wọlé, ó jókòó láìdúró kí n kí i tán. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kan ń jó ní ìkọ̀kọ̀ ní ọ̀nà Tatonnonkon, nínú ilé tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́. Kò sí pátákó, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ó fẹ́ kí n kọ ìwé sí mèrí, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní orúkọ òun, kí wọ́n wá ti ilé náà pa. Òun fúnra rẹ̀ ò lọ sí lékólù. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni òun máa wá gba ìwé náà.

Mo bi í pé kí ni àwọn ọmọ náà ṣe.

“Wọ́n ti kó àwọn ènìyàn kúrò ní bárì mi,” ó ní. Ó wò mí, ó gbá ẹnu rẹ̀ mú. “Mo ní, wọ́n ń ba ìwà àwọn ọmọ wa jẹ́.”

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó mọ irú ìṣòro tí mo wà nínú rẹ̀. Nígbà tí bàbá ìyàwó mi kú, ọkùnrin yìí ni ó dúró bíi bàbá, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, kò sì béèrè ohun tó pọ̀. Bí mo bá kọ̀ fún un, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó nídìí abọ́ oúnjẹ? Lọ́pọ̀ ìgbà, nílé wa ló ti ń jẹun. Mo ní ó dáa, màá kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí àwọn ọmọ ṣe ń tú jáde ní kíláàsì, Àbẹ̀kẹ́ dé. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kíkà ní ìgbà tí eyín iwájú rẹ̀ ò tíì hù. Ó ti dàgbà báyìí, òun ló ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí ìyá rẹ̀ fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn ará Tatonnonkon. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́ nípa ìwé kan. Mo bi í pé lẹ́nu ta ni.

“Lẹ́nu ìyàwó yín,” ó ní. “Mẹ́tìrì, tí ìwé yẹn bá dé mèrí, ilé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa tì. Wọ́n ò ní ti ijó kí wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìyá mi. Mi ò ní kí ẹ má kọ ọ́. Ẹ wá gbọ́ orin wa lọ́jọ́ Ìsinmi kí ẹ tó kọ ọ́.”

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ń lọ wo ẹ̀gẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sẹ̀lẹ́ dé, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní kí n wọ bàtà tí kì í yọ̀.

Mo gun máṣíìnì gba ojú ọ̀nà oko lọ, ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ lósì. Ká ní mi ò mọ̀nà ni, ǹ bá kọjá ibẹ̀. Òrùlé páánù lórí òpó mẹ́rin, ògiri imọ̀ ọ̀pẹ, máṣíìnì díẹ̀ lábẹ́ igi. Apẹ̀rẹ̀ gaàrí kan wà lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ ni kálukú ń kó pọ́táàbù rẹ̀ sí, wọ́n á fi aṣọ bò ó. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ká ohun tí ó gbọ́ níbẹ̀ sílẹ̀. Tí o bá tún fẹ́ gbọ́ ọ, o tún padà wá. Mo fi tèmi síbẹ̀, ọwọ́ mi ò mọ ibi tí yóò wà.

Wọn ò ju ọgbọ̀n lọ. Àbẹ̀kẹ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà kan tí igun rẹ̀ ti fọ́, iná oòrùn ni ó ń lò. Ó ti gba ohùn ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ sínú rẹ̀, ohùn asẹ́ tí ń kù gaàrí, ohùn okùn kànga, ohùn àpò ẹ̀gẹ́ bí ó ti ń ro. Ó gé wọn, ó tò wọ́n, ó jẹ́ kí ọ̀kan máa lé èkejì. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ni, ṣùgbọ́n orúnkún mi ò mọ̀. Kálukú tó wọlé ni ó mú ohun kan tó ń dún wá. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan mú ayùn wá, ẹlòmíràn mú ìdérí ìkòkò. Wọ́n á dún un, Àbẹ̀kẹ́ á gbà á sínú kọ̀ǹpútà, kí ènìyàn tó pa ojú dé, ohùn náà á ti wọ inú ijó.

Ó kàn mí. Wọ́n bi mí pé, “Mẹ́tìrì, kí lẹ mú wá?”

Ohun tí mo mú wá ni ìwé tí mi ò tíì kọ. Mo ní ẹnu mi ni mo mú wá. Wọ́n fún mi láyè. Mo tún ọ̀fun ṣe, mo sì gbé orin tí Ọmọ Erùpẹ̀ fi máa ń ṣí agbo:

Bu omi wọ́n ilẹ̀, kí n rí ojú rẹ,
Eruku ò jẹ́ kí n mọ ẹni tí mo bá jó.

Àbẹ̀kẹ́ fi asẹ́ gaàrí sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbe orin náà. Mo kọ ọ́, mo tún un kọ, mo jó, mo gbàgbé iye ọdún mi, mo gbàgbé ìdí tí mo fi wá, títí oòrùn fi wọ inú àwọn ọ̀pẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí pé ta ló ṣe orin tuntun yìí. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún fíríìjì ṣe ni.

Nígbà tí à ń sinmi, mo bi Àbẹ̀kẹ́ pé kí ló dé tí kò fi tà á. Ó ní ẹnì kan ti wá láti Kùtọ̀nú, ó fẹ́ rà á, òun kọ̀. “Ẹ̀gẹ́ ló ń bọ́ mi,” ó ní. “Èyí, èmi ni mò ń bọ́ ọ.” Mo ní tí ó bá wá rí ọkọ sí ọ̀nà jíjìn ńkọ́, ta ni yóò máa bọ́ ọ? Ó ní ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni. Mi ò mọ̀. Àwa márùn-ún náà rò nígbà kan pé àwa lá máa wà níbẹ̀ títí.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi bi mí pé báwo ni ẹ̀gẹ́. Mo ya ẹnu, ohùn tó jáde dà bíi ti gúrúpù wa tí bẹntiróòlù tán nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó po oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ fún mi. Mo mú ìwé, mo kọ ọjọ́ sí igun rẹ̀, mo kí àwọn aláṣẹ mèrí bí ó ti yẹ. Bírò dúró níbẹ̀. Mo rí ojú Dẹ́légè lọ́jọ́ tí ó fa àbúrò rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo rí ìyá Àbẹ̀kẹ́ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo sùn lé e lórí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ohùn ò sí rárá. Mo lọ sí kíláàsì bẹ́ẹ̀, mo ní màá fi ẹfun ṣiṣẹ́. Àṣà kan wà ní kíláàsì mi, èmi ni mo kọ́ wọn: ohunkóhun tí mo bá kọ sí pátákó, gbogbo wọn á kà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò ní láti sọ fún wọn. Mo ń kọ ìṣirò lọ, wọ́n ń ké e lọ. Ni Dẹ́légè bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, agbádá tí ó máa ń wọ̀ lọ sí mèrí lọ́rùn, ọ̀pá lọ́wọ́.

“Mẹ́tìrì, ìwé náà ńkọ́?”

Ká ní ohùn wà ni, màá ti purọ́. Mo mọ irọ́ pa ní Yorùbá, mo mọ̀ ọ́n ní Faransé. Màá ní bírò gbẹ, màá ní adìyẹ yàgbẹ́ sí i lórí. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Mo fi ọ̀fun hàn án. Ó ní kí n kúkú kọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ṣebí iṣẹ́ mi ni, àwọn ọmọ á kà á fún òun.

Mo kọjú sí pátákó. Ẹfun náà pẹ́ lára rẹ̀ kí ó tó rìn. Mo wá kọ ọ́ ní Faransé, lẹ́tà ńlá ńlá: Mi ò kọ ìwé náà. Mo wà níbẹ̀ lánàá. Mo kọrin. Wọn ò ṣe ohun burúkú kankan.

Kí n tó gbé ẹfun sílẹ̀, ogójì ọ̀fun ti kà á fún gbogbo abúlé.

Dẹ́légè ní kí ni wọ́n wí. Ọmọbìnrin kan níwájú dìde, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. “Bàbá àgbà, wọ́n ní àwọn ò kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn wà níbẹ̀ lánàá, àwọn kọrin. Wọ́n ní àwọn tó ń jó níbẹ̀ ò ṣe nǹkan burúkú.”

Bàbá náà dúró. Ó wo pátákó bí ẹni pé ó lè kà á. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo tẹ orí ba fún un, nítorí àna mi ni, mo sì ti dójú tì í níwájú àwọn ọmọdé. Mo ti ń ronú irú ẹ̀bẹ̀ tí màá gbé tọ̀ ọ́ lọ, àti àwọn tí màá kó dání.

“Bi í,” ó sọ fún ọmọ náà, “pé ṣé àga wà níbẹ̀.”

Mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Gbogbo kíláàsì ké e, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún un: rárá.

Ó kùn hùn. Ó ṣẹ́ agbádá rẹ̀ lé èjìká. “Ó dáa. Tèmi ni n ó gbé lọ síbẹ̀.”

Ó yí padà, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀, kò gba ọ̀nà mèrí. Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà. Mo fẹ́ bi í bóyá orí àga náà ni yóò ti máa wo ijó, tàbí bíà ni yóò kó lé e lórí tà níbẹ̀. Mo la ẹnu. Ohùn ò sí. Ó sì ti ń lọ.